Lẹ́yìn Taj Mahal, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà yín gba Lucknow

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ bá màmá mi lọ sí Delhi ní oṣù kọkànlá fún àyẹ̀wò orúnkún wọn. Tí dókítà bá ti parí iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin ló máa kù fún wa kí bàálù tó gbé wa padà sí Èkó. Gbogbo ẹni tí mo bá bi, Agra ni wọ́n ń dárúkọ. Nọ́ọ̀sì kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Íńdíà ló sọ fún mi pé Lucknow ni òun ìbá lọ. Ṣé nǹkan gidi wà níbẹ̀ tí màmá mi lè gbádùn? Alhaja ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn ìtàn gan-an. Kí ni ìtàn ìlú náà, ibo ni ká sì lọ tí a bá débẹ̀?"

Ìdáhùn: Mo kí yín, mo sì kí Alhaja. Ọlọ́run á jẹ́ kí àyẹ̀wò náà yọrí sí ayọ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn mọ ohun tó ń sọ. Ẹ dé Agra, ẹ wo Taj Mahal. Òwúrọ̀ kan tó fún un. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọrí sí Lucknow, kí ẹ sùn síbẹ̀ fún alẹ́ méjì. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ilẹ̀ Íńdíà. Tí wọ́n bá ní kí n mú ìlú kan ṣoṣo ní àríwá orílẹ̀-èdè yẹn, níbi tí ènìyàn ti lè fojú ara rẹ̀ rí bí ìjọba ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọba díẹ̀díẹ̀, Lucknow ni màá mú. Màá kọ́kọ́ sọ ìtàn náà, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ògiri lásán ni yóò máa wò kiri.

Etí odò Gomti ni ìlú náà wà, òun sì ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh lónìí. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé Lakshman, àbúrò Rama tó jẹ́ òrìṣà wọn, ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀, àwọn nawab ló kọ́ ọ. Nawab ni oyè àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Awadh, agbègbè tí Lucknow wà, lórúkọ ọba Mughal, ìyẹn ìdílé ọba Mùsùlùmí tó jókòó sí Delhi. Saadat Khan, ọmọ ilẹ̀ Persia, ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ọdún 1722 ni wọ́n fi í jẹ. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni Awadh, owó orí àwọn àgbẹ̀ sì ń wọlé dáadáa. Bí agbára Delhi ṣe ń rẹlẹ̀ ni ti àwọn nawab ń ròkè, títí tí ọba Mughal fi di ẹni tí wọ́n kàn ń dárúkọ.

Ìgbà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé. Ní 1764, nawab kẹta, Shuja-ud-Daula, kó ogun lọ pàdé àwọn ọmọ ogun East India Company ní Buxar. Oníṣòwò ni Company yìí, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó ní ìbọn àti ọmọ ogun. Wọ́n ṣẹ́gun Shuja. Wọn ò lé e kúrò lórí oyè. Wọ́n bu owó ìtánràn mílíọ̀nù 5 rúpíì lé e lórí, wọ́n sì so ó mọ́ ara wọn pẹ̀lú àdéhùn. Nígbà tó yá, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dó sí ilẹ̀ rẹ̀, òun náà ló sì ń bọ́ wọn. Aṣojú Company kan sì wà nítòsí ààfin tó ń sọ ohun tí nawab lè ṣe àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ dán wò.

Ọmọ Shuja, Asaf-ud-Daula, ló gbé olú-ìlú kúrò ní Faizabad wá sí Lucknow ní 1775. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ nìyí, nítorí òun ló ṣí ìlú náà payá. Owó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn nawab, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba idà lọ́wọ́ wọn. Ọba tí kò lè jagun mọ́, tí àpótí owó rẹ̀ sì ṣì kún, kí ni yóò fi owó náà ṣe? Ó kọ́lé. Ó kó akéwì, olórin, oníjó, alásè àti oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ jọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀tá ti kó Delhi léraléra ní àwọn ọdún yẹn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ń ṣí wá sí Lucknow ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mir Taqi Mir, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀kan nínú àwọn akéwì èdè Urdu tó ga jù, dé síbẹ̀ ní 1782, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1810. Oúnjẹ tí ẹ máa jẹ, aṣọ tí ẹ máa rà, ọ̀nà tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, láti inú ààfin tí kò ní agbára ogun yìí ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Bara Imambara ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí èrò tó pọ̀. Alhaja mọ ìtàn Husayn, ọmọ ọmọ Ànábì wa, tí wọ́n pa ní Karbala ní 680. Ẹlẹ́sìn Shia ni àwọn nawab; imambara ni ilé ńlá tí àwọn Shia ti ń péjọ láti ṣọ̀fọ̀ Husayn ní oṣù Muharram. Mọ́sálásí gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dá dúró, òpó gogoro rẹ̀ méjèèjì sì ń yọ láti òkèèrè. Níwọ̀n bí àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Sunni tán, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí nílé wa, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè Alhaja á pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bèèrè. Àwọn afinimọ̀nà ibẹ̀ fẹ́ràn ẹni tó bá ń bèèrè.

Ìyàn ló bí ilé náà. Ní 1783 àti 1784, òjò kọ̀ ní àríwá Íńdíà, ebi sì pa ènìyàn lọ rẹpẹtẹ. Asaf-ud-Daula gbé iṣẹ́ ìkọ́lé náà kalẹ̀ ní 1784 kí àwọn ará ìlú lè rí iṣẹ́ ṣe, kí wọ́n sì rí oúnjẹ jẹ. Wọ́n máa sọ fún yín níbẹ̀ pé ebi kan àwọn ọlọ́lá náà, ojú sì ń tì wọ́n láti gbé bíríkì lójú ará ìlú, ni nawab bá ní kí wọ́n máa wá lóru wá wó apá kan nínú ohun tí àwọn tálákà kọ́ lọ́sàn-án, kí ojú má baà rí wọn, kí iṣẹ́ má sì tán. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ rere tí nawab náà fi sílẹ̀ kì í ṣe àròsọ: títí dòní, wọ́n ń pa á lówe ní Lucknow pé ẹni tí Ọlọ́run kò bá fún, Asaf-ud-Daula á fún un. Inú ilé náà ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ wọ gbọ̀ngàn àárín, kí ẹ sì gbójú sókè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà 50, ó fẹ̀ tó mítà 16, òrùlé rẹ̀ sì ga tó mítà 15. Kò sí òpó kan láàárín. Kò sí igi àjà, kò sí irin. Bíríkì àti ẹfun ni wọ́n tò tí wọ́n fi tẹ òrùlé náà kọdọrọ, bíríkì kan ń ti èkejì tí kò sì ní ibi tó máa já bọ́ sí. Kifayatullah ni orúkọ ẹni tó ya àwòrán ilé náà. Ohun tó ṣe lórí òrùlé ló wú mi lórí jù: dípò kó di òkè rẹ̀ pa, ọ̀nà tóóró-tóóró ló là sínú ògiri rẹ̀, kí ẹrù má baà wúwo jù lórí gbọ̀ngàn. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyẹn ni wọ́n ń pè ní Bhool Bhulaiya, ibi tí ẹni tó bá dá wọ̀ ọ́ ti ń ṣìnà. Tí ẹ bá dúró sí ìpẹ̀kun kan lókè ibẹ̀, tí afinimọ̀nà sì ya bébà ní ìpẹ̀kun kejì, ẹ ó gbọ́ ọ ketekete.

Ẹ má jẹ́ kí Alhaja gùn ún. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga, ó dín, òkùnkùn sì wà. Gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì nínú gbọ̀ngàn ni wọ́n lè rí láìgun òkè: dígí ńláńlá, fìtílà gíláàsì tó so rọ̀, àti àwọn tazia, ìyẹn àwòrán ibojì Husayn tí wọ́n fi bébà àti igi ṣe fún ìwọ́de Muharram. Bí ẹ̀yin bá ń lọ sókè, ẹ gba afinimọ̀nà ẹnu géètì, kí ẹ sì fi Alhaja síbi tí ìjókòó wà ní ọgbà. Bàtà ò wọ inú gbọ̀ngàn. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ dání fún wọn nítorí ilẹ̀ tútù. Obìnrin á bo orí, èyí tí Alhaja ti mọ̀ ṣáájú mi.

Rumi Darwaza, ẹnubodè tó ga tó mítà 18, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ibẹ̀. Asaf-ud-Daula kan náà ló kọ́ ọ, ní àsìkò ìyàn kan náà. Láti ibẹ̀ ẹ lè fi kẹ̀kẹ́ Màrúwà dé Chota Imambara tí Muhammad Ali Shah kọ́ ní 1838. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó tàn. Fìtílà gíláàsì tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé ojú kì í lè dúró síbì kan. Ẹ ó rí Satkhanda lójú ọ̀nà, ilé ìṣọ́ tí ọba kan náà fẹ́ gbé dé àjà méje. Àjà mẹ́rin ni wọ́n parí tó fi kú ní 1842, ẹnikẹ́ni kò sì fi ọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ilé aago Husainabad wà, tí gíga rẹ̀ tó mítà 67. Àsìkò Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ ọ; ẹ wò ó kí ẹ máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìtàn. Ní 1801, Company fi agbára gba ìdajì ilẹ̀ Awadh. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún ń yá owó lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn. Ní 1814, Ghazi-ud-Din Haidar yá wọn ní mílíọ̀nù 10 rúpíì, lórí àdéhùn pé èlé owó náà ni wọn yóò máa san títí láé fún àwọn ẹbí àti ará ilé tí ó dárúkọ. Ẹ ò ní gbàgbọ́: ọ́fíìsì tó ń san owó náà, tí wọ́n ń pè ní wasika, ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Lucknow. Ọmọ àwọn ọba ṣì ń lọ gba tiwọn. Nítorí pé ìran ń pín in fún ìran, ti àwọn mìíràn kò tó rúpíì mẹ́wàá mọ́, owó tí kò lè san owó kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn débẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń lọ, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn, ọmọ Awadh ni. Nígbà tó di 1819, Company gba Ghazi-ud-Din níyànjú kó pe ara rẹ̀ ní ọba, kó má ṣe ìránṣẹ́ Mughal mọ́. Adé ni wọ́n fún un; agbára kò bá adé náà wá.

Ọba tó kẹ́yìn ni Wajid Ali Shah, tó gorí oyè ní 1847. Akéwì ni, ó ń kọ orin, ó ń jó, òun gan-an sì ló gbé orin thumri àti ijó kathak ga sí ipò tí wọ́n wà dòní ní Lucknow. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó máa ń gbé eré ìtàn Krishna, òrìṣà àwọn Híńdù, kalẹ̀ láàfin, òun fúnra rẹ̀ a sì kópa nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló sọ pé ọ̀lẹ ni, pé ìgbádùn ló pa ìjọba rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ẹ̀sùn náà. William Sleeman, aṣojú Company ní Lucknow, rìn yí ilẹ̀ Awadh ká láti 1849 sí 1850, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣàkóso ibẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n Sleeman kan náà ló kìlọ̀ pé kí Company má gba ilẹ̀ náà mọ́ tirẹ̀. Wọ́n mú ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀.

Ní oṣù kejì 1856, James Outram, aṣojú Company lẹ́yìn Sleeman, gbé ìwé wá fún ọba pé kó fọwọ́ sí i, kó gbé ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọba kọ̀. Ó ṣí láwàní orí rẹ̀, ó gbé e lé Outram lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọba Yorùbá mọ ohun tó jẹ́ kí ọba ṣí orí rẹ̀ lójú àlejò. Ìwé náà kò ní ìbuwọ́lù, wọ́n sì gba ilẹ̀ náà bákan náà. Wajid Ali Shah lọ sí Calcutta, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 1887. Ìyá rẹ̀, Malika Kishwar, kò jókòó sílé sunkún. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti lọ bá Ọbabìnrin Victoria sọ ọ́ lójúkojú, obìnrin kan sí obìnrin kejì. Ẹjọ́ náà kò so èso. Ó kú ní Paris ní oṣù kìíní 1858, ibojì rẹ̀ sì wà ní itẹ́ òkú Père Lachaise níbẹ̀ títí dòní. Nínú gbogbo ìtàn Lucknow, ìrìn-àjò ìyá àgbà yìí ló máa ń dùn mí jù.

Ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n gba ìjọba, iná ràn. Àwọn ọmọ Íńdíà tó ń ṣe iṣẹ́ ológun fún Company ṣọ̀tẹ̀ ní Meerut ní oṣù karùn-ún 1857. Wọ́n ti gbọ́ pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi pa ọta ìbọn tuntun tí wọ́n ní láti fi eyín ya. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí Lucknow fi gbóná ju ibòmíràn lọ: láti abúlé Awadh ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun yẹn ti wá, ilẹ̀ baba wọn sì ni Company ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, wọ́n ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Chinhat lẹ́yìn odi ìlú, wọ́n sì lé wọn wọ inú Residency, ọgbà tí aṣojú Company ń gbé. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló há mọ́bẹ̀, ọmọdé àti obìnrin pẹ̀lú. Henry Lawrence tó jẹ́ olórí wọn kú ní ọjọ́ 4 oṣù keje. Ọmọ ogun tó wá gbà wọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án wọlé, òun náà sì há mọ́bẹ̀. Oṣù kọkànlá ni Colin Campbell, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, tó rí wọn kó jáde, kò sì gba ìlú náà tán títí di oṣù kẹta 1858.

Ta ló ṣáájú ní ìhà kejì? Obìnrin ni. Begum Hazrat Mahal, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó tí ọba ti kọ̀ sílẹ̀, kò bá a lọ sí Calcutta. Ó gbé ọmọ rẹ̀, Birjis Qadr, tí kò tíì bàlágà, sórí oyè, ó sì ń darí ogun lórúkọ ọmọ náà. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria kéde ní 1858 pé òun á dárí ji àwọn tó bá juwọ́ sílẹ̀, Hazrat Mahal gbé ìkéde tirẹ̀ jáde, ó bi àwọn ènìyàn rẹ̀ bóyá ẹni tó da àdéhùn ní àná ni wọn yóò gbà gbọ́ lónìí. Kò juwọ́ sílẹ̀. Nepal ló sá lọ, Kathmandu ló kú sí ní 1879.

Ẹ lọ sí Residency ní ìrọ̀lẹ́. Wọn ò tún un kọ́. Bí ìbọn ṣe dá ihò sí ògiri ló wà. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ọ̀nà inú ọgbà náà, koríko rẹ̀ mọ́, Alhaja lè rìn ín wẹ́rẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá. Àsíá Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí ilé ìṣọ́ ibẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀, tọ̀sán tòru, títí di oṣù kẹjọ 1947 tí Íńdíà gba òmìnira. Tí ẹ bá ń ka orúkọ lára òkúta, ẹ ó rí i pé ti àwọn òyìnbó ló pọ̀. Ẹ rántí pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó gbé ìbọn láti dáàbò bo ọgbà náà, ọmọ Íńdíà ni wọ́n.

Ibì kan wà tó kàn wá jù, tí àwọn afinimọ̀nà kì í sábà mú ènìyàn lọ. Sikandar Bagh ni, ọgbà tí Wajid Ali Shah ṣe fún ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 1857, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àwọn tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà ni wọ́n pa sínú odi rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ère Uda Devi wà nítòsí ibẹ̀, obìnrin tí wọ́n ń ròyìn pé ó gun igi lọ, tó sì ń yìnbọn láti orí rẹ̀ títí wọ́n fi yìn ín lulẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ Áfíríkà, wà lára àwọn tó bá wọn jà. Kò yà mí lẹ́nu. Láti ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà ni àwọn oníṣòwò ẹrú ti ń kó ènìyàn kọjá òkun lọ sí Íńdíà láti ọjọ́ pípẹ́, ààfin Lucknow sì ní ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kì í ṣe ẹ̀yà tiwa, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n. A ò mọ orúkọ wọn. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn ogun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ ìlú náà níyà. Wọ́n wó ilé lọ rẹpẹtẹ, wọ́n la títì gbọọrọ gba àárín àdúgbò àtijọ́ kí ọmọ ogun lè tètè kọjá, wọ́n sì sọ Bara Imambara di bárékè. Ìdí nìyẹn tí àyíká imambara fi tẹ́jú báyẹn, tí àdúgbò Chowk tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì há gádígádí.

Chowk yìí ni ibi tí ìlú náà ṣì ti ń mí. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó rí àwọn oníṣòwò lọ́fíńdà tí wọ́n ń ta òróró òdòdó nínú ìgò kékeré, àti àwọn tó ń lu fàdákà di fẹ́lẹ́ láti fi bo oúnjẹ dídùn. Ẹ wá iṣẹ́ chikan. Ó dà bí iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń ṣe sí àyà agbádá, àyàfi pé òwú funfun ni wọ́n fi ń ṣe é lórí aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi igi tí wọ́n gbẹ́ tẹ àwòrán sára aṣọ, àwọn obìnrin á fi abẹ́rẹ́ tọ ojú àwòrán náà nílé wọn, wọ́n á wá fọ̀ ọ́ kí àwòrán lè parẹ́ kí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan kù. Ẹ yí aṣọ náà padà kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ ní kókó àti òwú tó rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tí ẹ̀rọ ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ tò gún régé. Owó tí àwọn obìnrin náà ń gbà kéré púpọ̀, nítorí náà, tí ẹ bá rí ẹgbẹ́ obìnrin tó ń ta tiwọn fúnra wọn, ẹ rà á níbẹ̀, kí ẹ má sì ná ọjà jù.

Ní ti oúnjẹ, Tunday Kababi ni gbogbo ènìyàn máa tọ́ka sí. Ó ti wà ní Chowk láti 1905. Ẹran lílọ̀ ni kebab wọn, wọ́n fi ìbẹ́pẹ dúdú pò ó kó lè rọ̀, èròjà inú rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí ẹ lè kà lórí ahọ́n lọ. Kò nílò eyín. Wọ́n ní nítorí nawab kan tí eyín rẹ̀ ti tán ni wọ́n ṣe ń sè é bẹ́ẹ̀. Ẹ fi búrẹ́dì sheermal jẹ ẹ́, èyí tí wọ́n fi mílíìkì àti saffron pò. Bíríyánì Lucknow kò ta. Inú ìkòkò tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pípò dí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń sè é lórí iná jẹ́jẹ́, òórùn rẹ̀ ló ń sọ adùn rẹ̀. Tí ẹnu Alhaja bá ń fẹ́ ata, ẹ mú tiyín dání láti ilé. Oṣù kọkànlá tún ni makhan malai ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, fóòmù mílíìkì tí wọ́n ń pò lóru nínú òtútù, tí wọ́n sì ń tà ní àárọ̀ nìkan nítorí oòrùn á yọ́ ọ. Ẹ má sùn kọjá aago mẹ́jọ tí ẹ bá fẹ́ ẹ.

Tí àyè bá ṣì wà, ẹ wo La Martiniere láti ìta. Claude Martin, ọmọ Faransé láti Lyon tó di olówó ńlá ní Lucknow, ló kọ́ ọ bí ààfin. Ó kú ní 1800, wọ́n sin ín sí abẹ́ ilé náà, ó sì fi owó rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Lucknow, Calcutta àti Lyon. Ti Lucknow ṣílẹ̀kùn ní 1845, àwọn ọmọ sì ń kàwé níbẹ̀ títí dòní, nítorí náà ẹ gba àṣẹ lẹ́nu géètì.

Bí ẹ ṣe máa lọ nìyí. Ẹ lo òru àkọ́kọ́ ní Agra. Òpópónà ńlá tó ti Agra lọ sí Lucknow jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 300, ó dán, mọ́tò á gbé yín débẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin; fún orúnkún Alhaja, ẹ ní kí awakọ̀ dúró lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè na ẹsẹ̀. Láti Lucknow padà sí Delhi, ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ wọ̀. Tejas àti Shatabdi ń lo wákàtí mẹ́fà sí méje, ìjókòó wọn gbòòrò, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ wá bá ènìyàn lórí ìjókòó. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò ní Delhi, torí oṣù kọkànlá ni àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó, ọkọ̀ sì máa ń kún. Kùrukùru tó ń dá ọkọ̀ ojú irin àti bàálù dúró ní àríwá Íńdíà máa ń le jù ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, nítorí náà àsìkò tí ẹ mú dára. Síbẹ̀, ẹ má fi ọjọ́ tí ẹ máa padà sí Delhi ṣe ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ọjọ́ tí bàálù Èkó máa gbéra.